Ọjà Tí A Kò Lè Pàtẹ: Akẹ́kọ̀ọ́jáde Yorùbá àti Iṣẹ́ Alága Ìdána

Ariwo ni a fi ń mọ ọlọ́jà láwùjọ Yorùbá. Ẹni tó bá gba Ọjà Ọba kọjá ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́ yóò gbọ́ bí ẹlẹ́kọ ṣe ń polówó ẹ̀kọ, bí alátẹ ṣe ń pe èrò, àti bí aláṣọ ṣe ń ki oníbàárà ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá kó tó dárúkọ iye tí yóò ta ọjà rẹ̀. Ìpolówó ọjà jẹ́ ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn tí àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ lé lórí dáadáa, nítorí pé ọgbọ́n èdè kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wò ó, ohun tí ojú lè rí, tí ọwọ́ lè bà, tí ẹnu sì lè tọ́ wò ni Yorùbá ń kígbe tà. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí pé babaláwo ń kiri àdúgbò, tó ń ké pé òun mọ Ifá dá. Olóòlà kì í dúró ní oríta kó máa sọ bí abẹ òun ṣe mú tó. Onídìrí kò nílò igbe, orí àwọn ọmọge àdúgbò ni àtẹ rẹ̀. Àyàn pàápàá, tó jẹ́ pé ariwo gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í fi ẹnu sọ pé òun mọ ìlù lù. Yóò gbé ìlù rẹ̀ dé òde ìnáwó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ki ènìyàn, ẹni tó bá mọ iyì rẹ̀ yóò sì náwó fún un. (Àwọn tó ń polówó àgbo nínú ọkọ̀ èrò lóde òní kò tako èyí, ohun tó wà nínú ìgò ni wọ́n ń tà, kì í ṣe ìmọ̀.)

Ìyàtọ̀ yìí nídìí. Ẹni tó fẹ́ ra iṣu lè tẹ̀ ẹ́ wò, ó lè yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó sì lè fi í sílẹ̀ kó kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ẹni tó ń fi owó ra ìmọ̀ ẹlòmíràn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni ó ń sanwó lé lórí. Bí agbẹjọ́rò bá ro ẹjọ́ rẹ̀ níròkurò, bí ògbufọ̀ bá túmọ̀ ìwé rẹ̀ gbòdì, bí alága bá da ìdána ọmọ rẹ̀ rú, kò sí bí yóò ṣe dá ọjà náà padà fún ẹni tó tà á fún un. Nítorí náà, kì í ṣe ọjà ni ó kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, ènìyàn ni. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ fi ìmọ̀ rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá kì í ti í bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ti gba ìwé-ẹ̀rí NCE nínú ìmọ̀ Yorùbá. Orúkọ rẹ̀ kò ṣe pàtàkì, nítorí pé irú rẹ̀ wà ní gbogbo ìlú tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ bá wà. Ó ti kọ̀wé wáṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, kò rí èsì. Ó ti ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, owó oṣù rẹ̀ kò kájú owó ọkọ̀. Àwọn ojúgbà rẹ̀ ń bi í léèrè, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé kí ni ó fẹ́ fi Yorùbá tó kọ́ ṣe. Síbẹ̀, ní ọjọọjọ́ Àbámẹ́ta, ìdána kún àwọn gbọ̀ngàn ìnáwó ìlú kan náà bámúbámú, wọ́n sì ń sanwó fún ẹni tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín oríkì ará Ìkòyí àti ti ọmọ Ọlọ́fà. Yóò ki ọkọ ìyàwó ní ìkíkúkìí, àwọn àgbà yóò wo ara wọn lójú, ayẹyẹ yóò sì máa lọ. Ìmọ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀ jókòó sílé, ó ń retí ìwé ìpeniṣíṣẹ́.

Kì í ṣe òní ni ọmọ Yorùbá ti ń fi ohun tó wà lágbárí rẹ̀ dá dúró. Ní 1898, Herbert Macaulay fi iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ tó ń ṣe lábẹ́ ìjọba amúnisìn ní Èkó sílẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ, ó sì ń wọn ilẹ̀ fún ará ìlú gẹ́gẹ́ bí aládàáni. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti èdè Yorùbá gan-an, Lánrewájú Adépọ̀jù, tó di olóògbé ní 2023, kò ka ìwé lọ títí nílé-ẹ̀kọ́, síbẹ̀ ó gbé ewì lọ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù, ó sì fi jẹun. Kò sí èyí tó kọ́kọ́ rí oníbàárà kó tó mọ iṣẹ́.

Láyé àtijọ́, kò sí ẹni tí à ń pè ní alága níbi ìdána. Alárinà ni ó ń lọ, tó ń bọ̀ láàárín ìdílé méjèèjì, àwọn obìnrin ilé sì ni wọ́n ń gba àna lálejò lọ́jọ́ tí ọjọ́ bá pé. Wọ́n a bá àna ṣeré, wọ́n a gba owó ìkanlẹ̀kùn, wọ́n a fi ìyàwó pamọ́ sínú yàrá, wọ́n a sì mú un jáde nígbà tí ó bá tọ́. Nígbà tí agboolé fọ́n ká sí ìgboro, tí ìnáwó sì ti ojúde ilé bọ́ sí gbọ̀ngàn, a nílò ẹnì kan tí ohùn rẹ̀ yóò ká èrò, tí kò ní tijú, tí yóò sì lè mú ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Báyìí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ obìnrin ṣe di iṣẹ́ ẹnì kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Alága ìjókòó ń ṣojú fún ìdílé ìyàwó tó wà níjòókòó, alága ìdúró sì ń kó ìdílé ọkọ wọlé ní òòró. Láti inú ẹbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń yan irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ẹbí mìíràn ń wá a wá, owó sì wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí alága ń ṣe lóde òní ju àwàdà lọ. Òun ni yóò mú kí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ìdílé méjèèjì, tí yóò pe ẹni tí yóò ka ìwé ìtọrọ, tí yóò gba ìwé èsì, tí yóò ka ẹrù ìdána níṣojú gbogbo èrò: iṣu, obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, àádùn. Méjìléló­gójì ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń kọ síwájú iṣu, obì àti orógbó nínú ìwé ẹrù, ẹni tó bá sì gbójú fo òǹkà náà yóò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn obìnrin ilé. Òun ni yóò ní kí ìyàwó wá mú ohun tó wù ú jù lọ nínú ẹrù, tí yóò sì mú Bíbélì tàbí Kùránì tí òrùka wà lára rẹ̀. Òun ni yóò ní kó dé fìlà fún ọkọ rẹ̀. Gbogbo èyí yóò parí kí àkókò tí wọ́n sanwó gbọ̀ngàn fún tó tán, nítorí pé ẹni tó ni gbọ̀ngàn kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ rò pé ìwé-ẹ̀rí òun tó. Ọ̀dọ́mọbìnrin yìí yóò kọ́kọ́ wá alága àgbà kan, yóò sì di ẹlẹ́gbè lẹ́yìn rẹ̀ fún sáà kan. Ohun tí a kò lè kọ́ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀. Báwo ni a ṣe ń pa ènìyàn mẹ́ta lẹ́nu mọ́ láìbú wọn? Kí ni a ń ṣe nígbà tí bàbá ìyàwó bá bínú jókòó sínú ọkọ̀, tí kò wọlé? Báwo ni a ṣe ń kó ìdílé ọkọ tó pẹ́ dé wọlé láìsí pé ojú tì wọ́n, láìsí pé ìdílé ìyàwó sì rò pé a fojú tín-ínrín wọn? Àmọ́ ohun tí òun náà ní lọ́wọ́ wà tí ọ̀gá rẹ̀ lè má ní. Ó mọ oríkì orílẹ̀, ó mọ bí a ṣe ń lọ wádìí rẹ̀ lẹ́nu àgbà, ó mọ ohùn tó yàtọ̀ láàárín ẹkùn ìyàwó àti rárà. Bí ìdílé kan bá jẹ́ ará Èkìtì, tí èkejì jẹ́ Ìjẹ̀bú, ó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò pa àwọn méjèèjì lẹ́rìn-ín. Bí ọkọ bá jẹ́ ọmọ Ìgbò, yóò wá ẹni tó gbọ́ èdè wọn dúró ti ara rẹ̀, kí àlejò má baà jókòó bí ère nínú ayẹyẹ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá.

Ìwé kékeré kan tó ń mú dání ni yóò kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdána tó wáyé, yóò lọ sí ilé ìyàwó, yóò sì béèrè ọ̀rọ̀. Ta ni àgbà ilé? Ta ni ó kú nínú ẹbí láìpẹ́ yìí tí a kò gbọdọ̀ fi ṣàwàdà? Ǹjẹ́ ìyá ìyàwó àti ìyàwó kejì bàbá rẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀? Ìjọ wo ni wọ́n ń lọ, ǹjẹ́ ìjọ náà sì gba kí a gbàdúrà lórí orógbó? Bí ó bá jẹ́ ìdílé Mùsùlùmí, ìgbà wo ni Alfa yóò so yìgì, kí ètò alága má baà di í lọ́wọ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ ọkọ gan-an? Alága tó pe orúkọ ọkọ ìyàwó ní ohùn òdì ti ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò hàn lójú àwọn àlejò, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ nígbà tí ohun gbogbo bá ń lọ bó ṣe yẹ, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ìdí.

Ibi ìdána náà ni ọjà rẹ̀ wà. Èyí ni àwọn tó ń náwó lórí pátákó ìpolówó ní ẹ̀gbẹ́ títì kò tíì mọ̀. Nínú gbọ̀ngàn tí èrò ọ̀ọ́dúnrún bá jókòó sí, àwọn ìyá tó ní ọmọbìnrin tó ti tó lọ sílé ọkọ kò lè ṣàì wà níbẹ̀. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n sì ń wo alága pẹ̀lú ojú ẹni tó ń ra ọjà. Wọn kò wo bó ṣe ń pariwo tó. Wọ́n ń wo bó ṣe bọ̀wọ̀ fún bàbá arúgbó tó jókòó lẹ́yìn, bó ṣe gba ìyàwó sílẹ̀ nígbà tí omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, àti bóyá ó jẹ́ kí wọ́n parí ní wákàtí tó dá. Yàtọ̀ sí àwọn ìyá wọ̀nyí, àwọn òṣìṣẹ́ tún wà níbẹ̀: olóúnjẹ, oníkámẹ́rà, onílù, ẹni tó ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́, ẹni tó ń kun ìyàwó lójú. Gbogbo wọn ni wọ́n ń lọ sí ìnáwó mìíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo wọn sì ni wọ́n máa ń bi léèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ ẹ mọ alága tó dára?” Alága tó bá fi oúnjẹ oníkámẹ́rà pamọ́ fún un nígbà tí kò ráyè jẹun ti polówó ara rẹ̀ ju ẹni tó tẹ ẹgbẹ̀rún káàdì lọ.

Èyí kò túmọ̀ sí pé káàdì kò wúlò. Kó tẹ̀ ẹ́, kó fi orúkọ àti nọ́ńbà tẹlifóònù sí i, kó sì fún ẹni tó bá béèrè. Ṣùgbọ́n àṣà kan ti ń wọlé tó yẹ kí a bá wí: kí alága máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ka nọ́ńbà tẹlifóònù ara rẹ̀ láàárín ìdána ọmọ ọlọ́mọ. Ẹlòmíràn ni ó sanwó gbọ̀ngàn àti owó ẹ̀rọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ fídíò. YouTube, Facebook àti WhatsApp ti sọ ìṣẹ́jú méjì nínú iṣẹ́ alága di ohun tí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston lè wò kó tó pe ẹnikẹ́ni, àwọn alága kan sì ti fi èyí rí iṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun. Ó dára. Àmọ́ kó gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ìnáwó kó tó gbé e síta, kó sì yan ibi tí ìyàwó ti dára, kó má ṣe yan ibi tí òun nìkan ti ń jó.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ padà sílé ni iye owó. Ojú ń ti Yorùbá láti dárúkọ iye tí ìmọ̀ òun tó. Bí ó bá jẹ́ ata ni, yóò sọ iye rẹ̀ láìṣẹ́jú. Ìyá kan yóò pe ọ̀dọ́mọbìnrin yìí lórí fóònù lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ kejì tàbí ìkẹta.

“Ọmọ mi, ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ mi kan ni mo wà lọ́jọ́ tí o ṣe ti ọmọ rẹ̀. O ṣe é, ó dùn. Èló lo máa ń gbà?”

“Ha, ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ fún mi ní ohunkóhun tí ọkàn yín bá fẹ́.”

Gbólóhùn yẹn dùn lẹ́nu, ó sì jọ ìwà ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ìjà ni. Ohun tí ọkàn ìyá fẹ́ kò ní tó ohun tí ọ̀dọ́mọbìnrin náà ń retí, kò ní lè sọ ọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lọ́wọ́ àwọn àlejò níbi ìdána. Ìdáhùn tó tọ̀nà kò ṣàìní ọ̀wọ̀ nínú:

“Ẹ ṣé, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ibi tí ìnáwó náà yóò ti wáyé, ẹbí tí à ń gbà lálejò, àti iye wákàtí tí ẹ fẹ́. N óò ṣírò rẹ̀, n óò sì fi ìwé ránṣẹ́ sí yín lálẹ́ yìí.”

Ìṣirò náà kò nira. Ká ní owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ₦20,000, kí ẹlẹ́gbè méjì gba ₦15,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ìpín aṣọ àti gèlè fún ọjọ́ kan sì jẹ́ ₦25,000. Ó ti di ₦75,000 kó tó ya ẹnu sọ̀rọ̀. Bí ó bá gba ₦80,000, tó sì ń yọ̀ pé òun pa ₦80,000, ₦5,000 ni ó pa, ọjọ́ mẹ́ta ni ó sì fi pa á: ọjọ́ tó lọ béèrè ọ̀rọ̀, ọjọ́ tó wá oríkì, àti ọjọ́ ìdána gan-an. Nígbà tí ìyá bá ní owó ti pọ̀ jù, kó má ṣe gé iye náà kù lásán. Kó gé iṣẹ́ kù: ẹlẹ́gbè kan dípò méjì, wákàtí mẹ́ta dípò márùn-ún. Ìyá yóò rí i nígbà náà pé nǹkan kan wà lẹ́yìn owó náà. Kó gba ìdajì sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kó gba ìyókù kó tó di gbohùngbohùn mú, nítorí pé lẹ́yìn ayẹyẹ, ẹni tó ni ìnáwó kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ owó mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹbí tún wà níbẹ̀. Ẹbí máa ń fẹ́ ọ̀fẹ́, kò sì sí bí a ṣe lè kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n lẹ́nu. Kó kọ ìwé owó náà ní kíkún bí ó ṣe ń kọ ọ́ fún àjèjì, kó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun fi ta ẹ̀gbọ́n òun lọ́rẹ. Ẹ̀gbọ́n yóò mọ ohun tí ó gbà, kò sì ní rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá fún ọ̀fẹ́.

Owó wẹ́wẹ́ inú ìdána ni èyí tó le jù. Owó ìkanlẹ̀kùn, owó ìwé kíkà, owó ìṣíjú ìyàwó, owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìyàwó ilé, owó ọmọ ilé: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ rẹ̀ nínú àṣà, kò sì sí èyí tó pọ̀ nígbà tí àwọn obìnrin ilé ń gbà á. Nígbà tí alága tí kò dárúkọ owó rẹ̀ dáadáa bá dé ibẹ̀, owó tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde tí baba ńlá ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Yóò ní kí ọkọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, yóò ní inú òun kò tíì dùn, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ yóò máa wá owó kiri nínú àpò, ìdílé ọkọ yóò sì máa bínú lábẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó àti Ìbàdàn ló ń sọ ọ́ báyìí pé àwọn kò fẹ́ alága mọ́, pé kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó kan kàn ṣe é. Ojúkòkòrò àwọn díẹ̀ ni ó fa èyí, gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni yóò sì jìyà rẹ̀. Nítorí náà, kí ìwé àdéhùn sọ ọ́ kedere: èyí tí a óò gbà, iye ìgbà tí a óò gbà á, àti ọwọ́ ẹni tí yóò bọ́ sí. Alága tó bá ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ní kíkún kò nílò láti bá ọkọ ìyàwó du ẹgbẹ̀rún náírà.

Ọ̀rọ̀ ìjọba kò gba àkókò púpọ̀. Ẹni tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ lásán ṣiṣẹ́ kò pọn dandan kó forúkọ okòwò sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fi nǹkan kan kún un, bí “àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀” tàbí orúkọ tuntun kan, òfin okòwò ọdún 2020, tó rọ́pò ti ọdún 1990, ní kó forúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń ṣe é. Kó ṣí àkáǹtì mìíràn ní báńkì fún iṣẹ́ náà, kí owó ìdána má baà máa ra gààrí. Ti owó-orí ń kọ́? (Ó yẹ kó pa onímọ̀ èdè lẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún ohun tí àna ń san àti ohun tí ìjọba ń gbà. Ọ̀pọ̀ àna ń dá tiwọn padà; ti ìjọba kì í padà.) Òfin owó-orí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Òkúdù ọdún 2025, tí a là sílẹ̀ pé yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2026, kò bu owó-orí lé ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú ohun tí ẹnì kan bá ń rí lọ́dún. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè mí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó ṣì máa kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀.

Kò sí ìdána ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ kì í fẹ́ kí a ṣe ìgbéyàwó nígbà Lẹ́ńtì, ìnáwó àwọn Mùsùlùmí náà a sì lọ sílẹ̀ nínú oṣù Ràmàdáánì. Ní 2025, kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àwẹ̀ méjèèjì, èyí tó túmọ̀ sí pé ìhà méjèèjì ọjà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó tún le ju èyí lọ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní òpin oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, nítorí àrùn kòrónà, ìjọba àpapọ̀ kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá, gbogbo gbọ̀ngàn sì di títì. Alága tí kò ní ju gbohùngbohùn lọ kò rí ohunkóhun jẹ. Àwọn tó tún ń túmọ̀ ìwé, tí wọ́n ń bá ènìyàn kọ ìwé ìtọrọ àti ìwé èsì, tí wọ́n ń ṣàkójọ oríkì ìdílé sínú ìwé, tàbí tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọmọ Yorùbá ní òkè òkun ní èdè baba wọn, rí nǹkan mú dání. Akẹ́kọ̀ọ́jáde Yorùbá lè ṣe gbogbo ìwọ̀nyí. Ìdílé tó bá ti gbà á gbọ́ níbi ìdána yóò tún pè é síbi ìsọmọlórúkọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Àwọn àgbà kan ṣì ní iyè méjì lórí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí a fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Wọ́n ní ojúṣe obìnrin ilé kì í ṣe ohun títà. Wọ́n ní nígbà tí àjèjì tí a sanwó fún bá ń pe ara rẹ̀ ní ìyàwó ilé, tó ń gbà àna lálejò ní orúkọ ẹbí tí kò mọ̀ rí, irọ́ ti wọ inú ìdána. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ìdána kì í ṣe eré orí ìtàgé. Ẹbí méjì ni wọ́n ń di àna ara wọn, àwọn obìnrin ilé tó ń jókòó sẹ́yìn, tó ń wo alága bí ẹni wo tẹlifíṣọ̀n, ni wọn yóò sì máa gbé pẹ̀lú àbájáde rẹ̀. Síbẹ̀, agboolé tó ń kọ́ ọmọbìnrin ní iṣẹ́ yìí ti fọ́n ká ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé lónìí kò mọ oríkì ọkọ tiwọn. Bí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò bá gbé e, ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yóò gbé e, wọn yóò sì tún sanwó fún un.

Ọ̀nà tí ọ̀dọ́mọbìnrin yìí lè gbà dá àwọn àgbà lóhùn wà nínú ètò rẹ̀ gan-an. Nígbà tó bá lọ béèrè ọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó béèrè fún ìyàwó àgbà ilé, kó jókòó tì í, kó gba oríkì ìdílé lẹ́nu rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìdána, kí ìdílé ọkọ tó kan ilẹ̀kùn, kó pe àwọn obìnrin ilé jáde, kó gbé gbohùngbohùn fún ìyàwó àgbà náà kó kọ́kọ́ kí àna káàbọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ gbólóhùn méjì. Kí wọ́n dúró ti ara rẹ̀ níbi tí a ti ń ka ẹrù. Nígbà tí a bá sì san owó ìyàwó ilé, kó kà á sókè níṣojú gbogbo èrò, kó sì gbé odindi rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.